Ohun Dídì Aládùn fún Àwọn Ọmọ Wa: Bí A Ṣe Lè Ṣe É Nílé Láìlo Ọ̀rá àti Ike

 

Nígbà tí oòrùn bá mú, tí ara ń kan tọmọdé tàgbà, kò sí ohun tí ọmọdé fẹ́ tó ohun tútù. Bí wọ́n bá ti jáde ní ilé-ìwé ní agbègbè wa yìí, láti Òkè-Àró dé Mátògún, láti Gíwá dé Agbádó, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta sóbò dídì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ yà sí. Wọn a fi eyín ya igun ọ̀rá náà, wọn a sì máa fà á mu bí wọ́n ti ń lọ sílé. Ní Mówé àti Ìbàfò, ní etí títì márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, àwọn àgbà pàápàá a máa rà á láti ojú fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wọn dúró. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí ooru kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń fi sí ẹnu ọmọ wa, kí a sì mọ ohun tí a fi dì í.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá a máa bi wá lemọ́lemọ́ ní ilé ìgboògùn. Wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, ohun tí ó ti dì gbagidi bí òkúta, kòkòrò wo ni ó tún lè yè nínú rẹ̀?" Ìbéèrè yìí dára púpọ̀, láti ibẹ̀ ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí.

OTÚTÙ KÌ Í PA KÒKÒRÒ ÀRÙN

Iná ni í pa kòkòrò àrùn. Otútù kàn ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn sùn ni. Ẹ wo irúgbìn tí a kó pamọ́ sínú àká ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò hù, kò sì dàgbà, ṣùgbọ́n kò kú. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i ni ó ń jí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì ṣe lè wà nínú omi dídì. Bí ó bá ti yọ́ nínú ikùn ọmọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn a jí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Nítorí náà, bí omi tí a fi ṣe nǹkan kò bá mọ́ kí ó tó wọ inú fíríìjì, kò ní mọ́ nígbà tí ó bá jáde.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù Okúdù ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà gidigidi ní Èkó, tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìwádìí, wọ́n kéde pé àwọn rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú omi ọ̀fio kan tí wọ́n ń tà nínú ìgò, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Ọ̀fio fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ dáradára ni. Ohun tí ó ba nǹkan jẹ́ nínú irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ni omi tí kò mọ́, ọwọ́ tí a kò fọ̀, àti àìsè é. Ìyá tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ohun dídì tí a ṣe nílé pẹ̀lú omi sísè sàn ju èyí tí a kò mọ orísun rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí èyí tí a rà náà dùn tó.

Ọ̀RỌ̀ ỌRÁ ÀTI IKE

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí nípa rẹ̀.

Èkíní ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣí i. Àwọn ọ̀rá wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn tí ń lò wọ́n a máa fi itọ́ ra ìka, tàbí kí wọ́n fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kí ó lè là. Atẹ́gùn ẹnu yẹn àti itọ́ yẹn ni ọmọ yóò bá mu. Lẹ́yìn èyí, ọmọ yóò fi eyín ya ìta ọ̀rá tí ó ti gba ọwọ́ mélòó kan kọjá, tí ó sì ti jókòó sínú kúlà pẹ̀lú omi tí ó ti yọ́.

Èkejì ni ooru. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ilẹ̀ sì ń ṣú, a máa ń rí ẹni tí yóò bu sóbò gbígbóná láti orí iná, tí yóò dà á sínú ọ̀rá tàbí sínú ìgò ike lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí kò dára rárá. Ike kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi ni, oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn láti mú un rọ̀, láti mú un le, tàbí láti fún un ní àwọ̀. Ooru, ọ̀rá oúnjẹ àti kíkan a máa mú kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò lára ike wọ inú oúnjẹ. Sóbò kan, ó sì gbóná: méjì nínú mẹ́ta ti pé nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní BPA, tí a ń rí nínú àwọn ike líle kan àti nínú ohun tí a fi ń kun inú agolo. Ó lè da iṣẹ́ omi ara rú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ka lílò rẹ̀ nínú ìgò ìfọ́mọlóúnjẹ léèwọ̀ ní 2011, tí wọ́n sì tún fi òfin kà á léèwọ̀ nínú ohun èlò oúnjẹ lápapọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ 2024. Ní 2022 bákan náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ròyìn pé àwọn rí èérún ike tín-ín-tìn-ìn-tín nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

N kò sọ pé ọmọ tí ó mu sóbò inú ọ̀rá kan lónìí yóò ṣàìsàn lọ́la nítorí ọ̀rá náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù ba ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń di ẹrù sí ara, àti pé ibi tí a bá ti lè dín ẹrù náà kù láìná owó púpọ̀, ó yẹ kí a dín in kù.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ọ̀rá náà ń lọ lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ún tán. Ojú gọ́tà ni. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà a dí, omi a kún ojúlé, omi ìdọ̀tí a wọ inú kànga, ẹ̀fọn a sì rí ibi yé sí. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà yóò sì tún padà wá bá ọmọ kan náà. Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de àwọn ike àlòdànù kan láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Agẹmọ 2025. Àwa tí a wà ní ìhà Ògùn níhìn-ín, tí a ń ná ọjà Agége, kò yẹ kí a dúró de ọlọ́pàá kí a tó tọ́jú ojúlé wa.

OHUN ÈLÒ WO NI KÍ A LÒ?

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Bí kò bá sí ọ̀rá, kí ni a ó fi dì í?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan fún yín. Wọ́n ní ní 1905, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 11 kan tí ń jẹ́ Frank Epperson gbàgbé ohun mímu tí ó pò sínú ife sí ìta ilé ní òru otútù, pẹ̀lú igi tí ó fi ń rò ó nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá a ní dídì mọ́ igi náà. Ní 1924 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí a ń lò lónìí yìí kò sì tíì sí láyé nígbà náà, nítorí 1933 ni àwọn òyìnbó ní England kọ́kọ́ ṣe irú ike tí a fi ń ṣe é. Ohun dídì ju ọ̀rá lọ ní ọjọ́ orí. Ife àti igi ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ife àti ṣíbí sì tó wa ṣe é títí di òní.

Ẹ wo inú ilé ìdáná yín, ẹ ó rí ohun tí ó tó yín lò:

1. Ife irin tí kì í dógùn-ún, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sitéènìlẹ́ẹ̀sì. Òun ni ó dára jù, nítorí kíkan kì í tètè jẹ ẹ́, kì í sì í fọ́. Harry Brearley ni ó ṣe irú irin yìí ní Sheffield ní 1913. Abọ́ kéékèèké tí ẹ fi ń se mọ́ínmọ́ín, bí ó bá jẹ́ irin yìí, ó tó gẹ́lẹ́ fún ọmọ kan. Ẹ kàn rí i pé ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ epo kúrò lára rẹ̀.

2. Kọ́ọ̀pù tánńganran, irú èyí tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń mu ẹ̀kọ. Ó dára bí kò bá tíì họ. Bí dúdú inú rẹ̀ bá ti yọ, tí ó sì ti ń dógùn-ún, ẹ má lò ó fún ohun kíkan mọ́.

3. Ife gíláàsì tí ó nípọn. Omi tí ó dì a máa wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ẹ má kún un dé ẹnu. Ẹ fi ìbú ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹ má fi ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ di nǹkan, nítorí yóò bẹ́. Bí ife gíláàsì kan bá ti sán, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ kó o kúrò nídìí oúnjẹ ọmọ.

4. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ewé eéran tí a fọ̀, tí a sì rì bọ inú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan. Èyí ni a ó fi bo ẹnu ife nínú fíríìjì, kí òórùn ẹja má baà wọ inú rẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ náà tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ láti ara àwókù irin àti ẹ̀rọ. Ìwádìí tí a ṣe lórí irú rẹ̀ ní Kamẹrúùnù fi hàn pé òjé lè jáde láti ara rẹ̀ wọ inú oúnjẹ, òjé sì lòdì sí ọpọlọ ọmọdé. Ẹ má fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ se sóbò tàbí ohun kíkan mìíràn. Ẹ má sì di nǹkan sínú agolo mílíìkì tí ó ti ṣófo. Etí rẹ̀ mú, ó sì tètè ń dógùn-ún.

Ní ti igi tí ọmọ yóò fi mú un, ṣíbí tíì onírin tí ẹ ní nílé ti tó. Ẹ jẹ́ kí ohun náà wà nínú fírísà títí yóò fi dì dé ìdajì, bíi wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ tó ti ọrùn ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín. Yóò dúró ṣánṣán láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ rì ìsàlẹ̀ ife sínú omi lásán fún ìṣẹ́jú kan, ẹ yí ṣíbí náà díẹ̀, yóò sì jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹ má fún ọmọ ní irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fírísà kí ó fi ahọ́n lá a, nítorí ahọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tí ẹ rì í sí yẹn ni yóò gbà yín lọ́wọ́ èyí.

OMI NI ÌPÌLẸ̀

Láti 1915 ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, tí kò jìnnà sí wa rárá, ti ń fún Èkó ní omi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òkè-Àró, kànga àti bọ́hò ni a gbójú lé. Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó fẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó ọgbọ̀n mítà. Ẹni tí ó ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì mọ̀ pé kò sí ibi tí a ó ti rí ọgbọ̀n mítà. Bí tiwa bá jìnnà, ti aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri. Nítorí náà, bí omi bá tilẹ̀ mọ́ lójú, ẹ sè é. Ẹ jẹ́ kí ó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá rú, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbé e ka iná. Lẹ́yìn náà ẹ dé e títí yóò fi tutù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì se ife àti ṣíbí nínú omi híhó.

OHUN DÍDÌ MẸ́TA TÍ Ẹ LÈ ṢE

Sóbò àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ bu ife ìsápá pupa gbígbẹ méjì, ẹ ṣà á, ẹ sì yára ṣàn án. Ẹ dà á sínú lítà omi méjì pẹ̀lú ata-ilẹ̀ tí a gún, kànáfùrù mẹ́ta, àti ọ̀pẹ òyìnbó kékeré kan tí ó pọ́n dáadáa, tí a ti bó, tí a sì ti gé wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi asẹ́ onírin tàbí aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó bù ú sínú ife. Ọ̀pẹ òyìnbó tí ó pọ́n yóò dín kíkan rẹ̀ kù. Bí ẹ bá fẹ́ adùn sí i, ẹ se dàbínù mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kóró rẹ̀.

Ọ̀fio àti àgbọn. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú ife ọ̀fio méjì, ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi sísè ní inú fíríìjì fún òru kan. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdajì àgbọn kan àti dàbínù mẹ́fà tí a ti yọ kóró rẹ̀. Bí ife ẹ̀rọ ìlọta yín bá jẹ́ ike, ohun tútù ni kí ẹ máa dà sínú rẹ̀; ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọlọ tí a fọ ata kúrò lára rẹ̀ ṣe é. Ẹ fi lítà omi kan sẹ́ ẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà. Ẹ gbé e ka iná wẹ́rẹ́, ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Yóò ki díẹ̀ bí ògì tí ó fúyẹ́. Ẹ má fòyà, kíki yẹn ni yóò jẹ́ kí ó dì ní múlọ́múlọ́ dípò kí ó dà bí yìnyín gànkú-gànkú. Bí ó bá ki jù, ẹ fi omi sísè díẹ̀ là á. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi tútù kí ó lè tètè tutù, kí ẹ sì gbé e wọ fírísà kí wákàtí méjì tó pé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti máńgòrò. Èyí kò fẹ́ iná, kò sì fẹ́ ṣúgà. Ẹ fọ èso náà kí ẹ tó bó o, nítorí ọ̀bẹ lè gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin tí èèpo rẹ̀ ti ń ní àmì dúdú, ẹ gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú máńgòrò kan, ẹ tò ó sórí àwo irin, kí ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi odó mímọ́ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́. Yóò dà bí áísìkirímù, ẹnu yóò sì yà yín. Bí kò bá sí máńgòrò, ẹ lo ìbẹ́pẹ, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Nínú ahá tàbí abọ́ kékeré ni kí ẹ bù ú fún wọn.

Ọ̀RỌ̀ ṢÚGÀ

Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rá, tí a sì da ṣúgà sínú ife ọmọ, a ti sá fún òjò bọ́ sínú odò nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí a ń pò mọ́ oúnjẹ má ṣe tó ìdá mẹ́wàá nínú agbára tí oúnjẹ ń fún wa lóòjọ́, àti pé bí ó bá lè má ju ìdajì èyí lọ, yóò dára jù. Fún àgbàlagbà, ìdajì yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú ìgò ohun mímu kan ní ọjà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ pín iye gíráàmù ṣúgà inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Iye ṣíbí tíì tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ wa pàápàá fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò onísúgà nínú òfin ìṣúná 2021, nítorí àtọ̀gbẹ àti ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí ń pọ̀ sí i. Ohun dídì a tún máa tan ẹnu jẹ, nítorí ahọ́n tí ó tutù kì í tètè mọ adùn. Nítorí náà ni àwọn tí ń tà á fi ń fi ṣúgà kún ṣúgà. Ẹ fún ọmọ yín ní èyí tí kò dùn jù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ yóò mọ́ ọn lára.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢỌ́RA

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Kò nílò omi, kò nílò sóbò, bí ooru ti wù kí ó mú tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oyin, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ kò lè bá jà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ gba ègé àgbọn tàbí ègé èso líle tí ó dì, kí ó má baà há a ní ọ̀fun. Kí ọmọdé jókòó jẹ ẹ́. Kí ó má máa sáré pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu.

Aláboyún kò gbọdọ̀ sọ sóbò di omi mímu. Kí ó béèrè lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Sóbò a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà bí ó bá ń mu ún púpọ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó rántí pé dàbínù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ṣúgà tiwọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ó jẹ.

BÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ BÁ LỌ

Èyí ni ìṣòro tí gbogbo wa mọ̀. Fírísà gbọ́dọ̀ tutù dé díkírì 18 ní ìsàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ, ẹ má máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Fírísà tí ó kún lè mú nǹkan dì fún nǹkan bíi wákàtí 48 bí a kò bá ṣí i. Èyí tí ó kún dé ìdajì lè tó wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ fi ìkòkò irin tí a bu omi sí kún àyè tí ó bá ṣófo, kí ẹ má kún un dé ẹnu. Bí ohun dídì yín bá yọ́, ṣùgbọ́n tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ lè tún un dì. Bí ó bá ti yọ́ pátápátá, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ju wákàtí méjì lọ, pàápàá èyí tí a fi ọ̀fio tàbí wàrà ṣe, ẹ dà á nù. Ó dun ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ kò tó iye owó oògùn.

SÍ Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá wa, owó sóbò ni ẹ fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. N kò sọ pé kí ẹ fi òwò yín sílẹ̀. Mo ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ se omi yín. Ẹ jẹ́ kí sóbò tutù kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohun tí ẹ ó bù ú sí. Ẹ ra ife irin méjìlá, kí àwọn ọmọ àdúgbò máa jẹ ẹ́ níwájú yín, kí ẹ gbà á padà, kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì fi omi híhó ṣàn án. Ọmọ tí ó bá mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá láti ilé, ẹ fi jáálá díẹ̀ sí i fún un. Owó ọ̀rá tí ẹ kò rà ni ẹ ó fi ṣe é. Kí ẹ̀yin òbí náà sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ilé-ìwé fún àwọn tí ń tajà ní ibi tí omi àti ọṣẹ wà.

BÍ ÌGBẸ́ GBUURU BÁ DÉ

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi, ẹ má dúró. Ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, ẹ pò ó nílé: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ gẹ́lẹ́, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tí a gé orí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rá omi méjì tí a kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan. Àkókò yìí kì í ṣe àkókò àríyànjiyàn lórí ọ̀rá. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ọmú sì máa mu ọmú lọ. Ẹ béèrè oògùn síńkì ní ilé ìgboògùn. Ọjọ́ 10 sí 14 ni a ń lò ó, kí ẹ má sì fi sílẹ̀ nítorí pé ìgbẹ́ ti dá. Bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí ìgbẹ́ náà bá funfun bí omidùn tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un ní omi náà bí ẹ ti ń lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, ẹ pe àwọn ọmọ jọ sí ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì to ife sínú fírísà fúnra wọn. Ọmọ tí ó mọ bí a ti ń ṣe ohun mímọ́ yóò mọ ohun tí kò mọ́ nígbà tí ó bá rí i ní ìta.

Ire o.